Àwọn Tó Lọ Wá Ẹbí Wọn Dé Òkè Òkun
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ìlú àti àwọn àlejò níbi ọdún ìbílẹ̀ wa ní Kétu

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun. Mo máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín gba ọ̀nà ibòmíràn. Àwọn òyìnbó kan wà tó dìde nílé wọn ní Yúróòpù, tí wọ́n lọ wo bí àwọn ọmọ ẹbí wọn ṣe ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n bá lọ́hùn-ún kàn wá, ẹ ó sì rí i bí mo ṣe ń bá a lọ.

Orílẹ̀-èdè Swídìn ni mò ń wí, ní àríwá Yúróòpù, níbi tí omi odò ti ń di yìnyín. Láàárín ọdún 1850 sí 1930, ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ oko kò tó wọn pín, òkúta ló sì kún inú ilẹ̀ náà. Láti 1867 dé 1869, ìyàn mú. Àwọn mìíràn lọ nítorí ẹ̀sìn: àwọn ọmọ ẹ̀yìn Erik Jansson lọ tẹ ìlú Bishop Hill dó ní Illinois ní 1846. Ọ̀pọ̀ lọ sí Minnesota, wọ́n sì dúró sí ẹ̀bá adágún omi tí wọ́n ń pè ní Chisago. Orúkọ yẹn kì í ṣe ti Swídìn o. Èdè àwọn Ojibwe ni, àwọn onílẹ̀. Ní 1837 ni ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn Ojibwe àti àwọn Dakota ṣe ìwé àdéhùn, tí ilẹ̀ agbègbè náà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dá a sọ nítorí pé bí a bá ń yin àtìpó, a kì í gbójú fo ẹni tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀.

Nínú àwọn tó lọ wò wọ́n, ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Vilhelm Moberg. Òǹkọ̀wé ni. Wọ́n bí i ní 1898 ní abúlé kan ní agbègbè Småland, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá àti ìyá rẹ̀ ti lọ sí Amẹ́ríkà. Ó dàgbà tán kó tó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ní 1948, ó dé agbègbè Chisago, ó gun kẹ̀kẹ́, ó ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn. Ó ń bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Ó ń ka orúkọ lára òkúta ibojì. Ó rí ìwé àgbẹ̀ kan, Andrew Peterson, ẹni tó fi ohun tó lé ní ogójì ọdún kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀: ohun tó gbìn, ohun tó kórè, ẹni tó wá kí i. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ara irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ni Moberg ti kọ ìwé ìtàn mẹ́rin, tó jáde láti 1949 dé 1959, tí àwọn ará ilé sì ti mọ ohun tí ojú àwọn tó lọ rí. Bí ẹ bá dé Chisago City lónìí, ẹ ó bá ère rẹ̀ níbẹ̀, tòun ti kẹ̀kẹ́.

Ní 1962, ọ̀mọ̀wé kan láti Uppsala, Folke Hedblom, lọ ní tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì Volkswagen kékeré ni ó fi rìn, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọlọ́lá ló ń wá. Àwọn arúgbó tó ṣì ń sọ èdè ilé ló ń wá kiri oko. Ó bá àwọn kan tí Amẹ́ríkà ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn kò fẹsẹ̀ tẹ Swídìn rí, tí wọ́n sì ń sọ ẹ̀ka-èdè abúlé tí bàbá wọn àgbà ti wá. Ilé-ìwé àti rédíò ti fọ ẹ̀ka-èdè ọ̀hún mọ́ nílé, gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ bákan náà, àmọ́ ó ṣì wà lẹ́nu àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Hedblom kò bá wọn tún un ṣe, kò sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló ṣe gbà á sílẹ̀. Ó tún padà lọ lẹ́yìn ìgbà náà, ohùn àwọn arúgbó náà sì wà ní ìpamọ́ ní Uppsala di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn, nítorí àwa a máa rẹ́rìn-ín. Ará Bahia á dé, á kọrin òrìṣà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, ohùn ọ̀rọ̀ á yí díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa á máa tọ́ ara wọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, ó lè jẹ́ pé ìyá àgbà wọn mọ̀ ọ́n, àwọn ni kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹja gbígbẹ kan wà tí wọ́n máa ń rẹ sínú omi eérú títí yóò fi rọ̀, lutfisk ni wọ́n ń pè é. Nígbà òtútù, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Minnesota á sè é, èrò á pé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Swídìn kò jẹ́ fi kan ẹnu. Ìlú Lindsborg ní Kansas, tí àwọn ará Swídìn tẹ̀ dó ní 1869, ń ṣe ọdún ìbílẹ̀ tiwọn ní ọdún méjì méjì bí àwa náà ṣe ń ṣe tiwa. Ní Lindström ní Minnesota, àwọn tó ń ṣe pátákó ojú ọ̀nà yọ àmì méjì tó wà lórí lẹ́tà «o» orúkọ ìlú náà. Àwọn ará ìlú fárígá. Ní 2015, gómìnà Mark Dayton fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dá àmì náà padà. Ẹ̀yin aláṣẹ wa tó ń kọ «Kétou» àti «Savè» sí pátákó, ẹ gbọ́ o. Mi ò bá yín jà.

Báwo wá ni ará Swídìn ṣe ń mọ̀ pé ẹbí òun nìyí? Ìwé ló ń sọ fún un. Láyé àtijọ́, pásítọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan ń kọ orúkọ agboolé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó kú, ẹni tó ṣí lọ àti ibi tó ṣí lọ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, wọ́n dá ilé ìpamọ́ kan sílẹ̀ ní Växjö fún ìtàn àwọn tó lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà lè mú orúkọ kan ṣoṣo wá sí ilẹ̀ náà, kó sì dúró ní ojú ilé tí bàbá ńlá rẹ̀ ti jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwọn àti tiwa ti yàtọ̀ nìyí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á pọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn sanwó ọkọ̀, wọ́n di ẹrù, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Wọ́n kó àwọn tiwa ni. Kí Brazil tó dá òwò ẹrú òkè òkun dúró ní 1850, ogun ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ láti ilẹ̀ yìí, kó tó wá di pé Dànhọ̀mẹ̀ pa Kétu run ní 1886. Àwọn tó rà wọ́n ń ka orí, wọn kò béèrè agboolé. Síbẹ̀, ní Salvador ní Bahia, àwọn ilé òrìṣà ńláńlá wà tó ń pe ara wọn ní orílẹ̀ Kétu títí di òní. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Alaketu. Ìtàn ilé náà sọ pé ọmọbìnrin ìdílé Arò ló dá a sílẹ̀, ẹni tí ogun kó ní kékeré. Ìdílé Arò nìyí níbí, wọ́n wà láàárín wa. Ọmọ náà kò mú ìwé kankan dání. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ló gbé sọdá òkun.

Àlejò ló bá wa so okùn náà pọ̀. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní Paris ní 1902, dé Bahia ní 1946, ó rí àwọn ọmọ wa, ó sì tọ ipasẹ̀ wọn padà wá síhìn-ín. Ní Kétu níbí ni ó ti tẹ Ifá ní 1953, tí ó di Fátúmbí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ kò dùn mọ́ mi nínú pé ọmọ Faransé ló lọ tó bọ̀, tí àwa sì jókòó.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá di kíákíá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba Benin gbé òfin jáde tó fún àwọn ọmọ ìran tí wọ́n kó lẹ́rú láàyè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè wa. Wọn yóò wá. Wọ́n á dé ẹnubodè Àkábà Ìdẹ̀nà, wọ́n á béèrè pé, «Agboolé wo ni ti wa?» Ta ni yóò dá wọn lóhùn? Ohun tí ìwé pásítọ̀ jẹ́ fún ará Swídìn ni oríkì orílẹ̀ jẹ́ fún wa. Òun ló sọ ibi tí a ti wá, ohun tí a kì í jẹ àti iṣẹ́ tí bàbá wa ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹgbẹ́ yín lọ́tùn-ún lósì. Mélòó nínú wa ló lè ki ìdílé rẹ̀ dé òpin?

Ohun kan tún ń bà mí lẹ́rù. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rí, irọ́ kì í pẹ́ dé. Ẹnìkan á gba owó lọ́wọ́ àlejò, á sọ fún un pé ọmọ ilé àwọn ni, á sọ ọ́ lórúkọ, á ya fọ́tò. Ẹni tí ogun ti gba bàbá ńlá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò yẹ kí àwa tún fi ayédèrú rọ́pò fún un. Bí a kò bá mọ̀, kí á sọ pé a kò mọ̀, kí á fún un lómi mu, kí á sì bá a wá a.

Ohun tí mo ń bẹ maire wa fún kò pọ̀: yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́, àti kọ̀ǹpútà kan tí a ó máa kó ohùn àwọn àgbà sí. Ẹ̀rọ tí Hedblom fi bọ́ọ̀sì gbé kiri wà nínú àpò gbogbo ọ̀dọ́ tó jókòó síbí. A ti gbé tábìlì kan sí abẹ́ àgọ́ kejì lápá ọ̀tún. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n á máa gba oríkì ìdílé sílẹ̀ láti òní títí ọdún yóò fi parí. Ẹ mú àwọn ìyá àgbà lọ síbẹ̀ kí oòrùn tó gbóná. Àga wà, omi náà wà.