Nígbà tí Ọkọ̀ Bá Ń Tiro

Ọ̀rọ̀ iná tí ń sun epo nínú ẹ́ńjìnnì ni a mú wá lónìí. Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ là ń bá wí, nítorí owó tí à ń ná lórí ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Láyé ọjọ́sí, kọ́ńtáàtì ló ń darí iná púlọ́ọ̀gì. Bó bá dọ̀tí, ọkọ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì, a ó fi sáńpépà nù ún, ó parí. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Kọ̀ǹpútà yìí kò lójú, kò létí. Àwọn sẹ́ńsọ̀ tí a so mọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń jábọ̀ fún un. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yadi, tàbí tó ń sọ ohun tí kò lè rí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Á tan iná ìkìlọ̀ níwájú awakọ̀, á sì yan ọ̀nà tí kò ní ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Toyota, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí sẹ́ńsọ̀ tó ń wo gbígbóná omi bá kú, nínú ọ̀pọ̀ Toyota, kọ̀ǹpútà á kàn gbà pé omi náà gbóná tó 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Sẹ́ńsọ̀ kan tún wà tó ń tẹ́tí sí kíkan tí ẹ́ńjìnnì ń kan kokoko bí epo bá jó lódì. Bí etí yìí bá di, kọ̀ǹpútà á mú kí púlọ́ọ̀gì máa pẹ́ kó tó ṣáná. Agbára á dínkù, ọkọ̀ á máa tiro gun òkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Rárá o, ó ń ṣọ́ ara ẹ̀ ni!

Èyí tó wù wá jù ni ti kọ́ìlì. Bí kọ̀ǹpútà bá pàṣẹ iná, ó ń retí èsì pé iná ti ṣẹ́. Bí èsì kò bá wá, á dá epo dúró. Kí ló dé? Epo tí kò jó yóò ṣàn lọ sínú ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín lójú páìpù, ibẹ̀ ni yóò ti wá jó, tí inú ẹ̀rọ olówó iyebíye náà á fi yọ́.

Àwọn kan a máa yọ orí bátìrì kí iná ìkìlọ̀ lè kú. Á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àìsàn náà á bá a lọ, iná á sì tún padà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ kà á. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá kọ P0325, etí tí a sọ yẹn ni. Ẹ má sáré ra tuntun o. Wáyà rẹ̀ ni eku lè ti jẹ.

Bí iná náà bá dúró gbọin, ẹ rọra wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jó ti ń jáde nìyẹn: ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ pa á.