CRP Mélòó, Lórí Òṣùwọ̀n Wo?

Ohun tí mo gbé wá lónìí kéré lójú: àwọn lẹ́tà wínníwínní tí láàbù máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà lórí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi CRP bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1930, William Tillett àti Thomas Francis, ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, rí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Ohun náà máa ń dì mọ́ èròjà kan tí wọ́n fà yọ lára kòkòrò pneumococcus, èròjà tí wọ́n sọ ní C. Ibẹ̀ ni orúkọ CRP (C-reactive protein) ti wá. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Bí bakitéríà bá ya wọ ara, kò ní ju wákàtí mélòó kan lọ tí ẹ̀dọ̀ yóò fi máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè kúrò lórí ohun tí kò tó 10 kó gun orí ọgọ́rùn-ún kọjá. (Iṣẹ́ abẹ, ọgbẹ́ àti làkúrègbé náà ń gbé e sókè, nítorí náà ẹ má fi òun nìkan dájọ́.)

Mo ní kò tó 10. 10 kí ni? Mílígíráàmù nínú lítà kan ni, mg/L, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ láàbù Amẹ́ríkà ń kọ mg/dL. Ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ni dẹ́sílítà, nítorí náà 4.8 mg/dL ni 48 mg/L: ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá ti ra gàrí rí mọ̀ pé kóńgò mẹ́ta kì í ṣe ẹgbẹ́ dẹ́ríkà mẹ́ta. Àwọn mìíràn tún ń lo nmol/L, 9.524 ni ẹ óò fi sọ mg/L di púpọ̀, 48 yóò sì di nǹkan bí 457.

Ṣé eré ìṣirò lásán nìyí? Ní 2014, àjọ NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn dókítà nímọ̀ràn lórí aláìsàn tí wọ́n bá fura sí i pé òtútù àyà ló mú un. Bí CRP rẹ̀ kò bá tó 20 mg/L, kí wọ́n má kàn sáré fún un ní oògùn apakòkòrò. Bó bá ju 100 lọ, kí wọ́n fún un. Ẹ wá wo ọmọ wa kan tó ti Houston dé sí Èkó, tí 12 wà lórí ìwé rẹ̀. Bó bá jẹ́ mg/L, ó lè lọ sùn. Bó bá jẹ́ mg/dL, 120 ni, oògùn ló kàn.

Procalcitonin, ohun mìíràn tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, gba ọ̀nà tirẹ̀. Láti ìgbà tí Assicot àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ti kọ nípa rẹ̀ ní 1993 ni wọ́n ti ń fi í wá ipa bakitéríà nínú ẹ̀jẹ̀. Láàbù kan á kọ ng/mL, òmíràn á kọ µg/L, nọ́ńbà kò sì ní yí padà: 0.5 ni 0.5. Ìdí ni pé ẹgbẹ̀rún kan nánógíráàmù ló di máíkírógíráàmù kan, ẹgbẹ̀rún kan mìlílítà ló sì di lítà kan. Ẹgbẹ̀rún méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó bá rántí ọ̀kan tó gbàgbé èkejì lè sọ 0.5 di 500, kó sì kó jìnnìjìnnì bá gbogbo wọ́ọ̀dù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni aláìsàn tó pààrọ̀ láàbù láàárín ìtọ́jú. Lọ́jọ́ Ajé, CRP rẹ̀ jẹ́ 150 mg/L. Lọ́jọ́rú, láàbù mìíràn kọ 12, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín pé oògùn ti ṣiṣẹ́. Mg/dL ni 12 yẹn. 120 ni, ó kàn fi díẹ̀ wálẹ̀ ni, kí dókítà má tíì dá a padà sílé.