INÚ RÍRUN NÍGBÀ NǸKAN OṢÙ ÀTI OÒGÙN TÍ ÀWỌN ỌMỌ WA Ń LÒ NÍNÚ RAMADAN

  

Ẹ̀yin baba àti ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà dé orí mínbárì, bẹ́ẹ̀ inú ilé wa ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dé kò sí nínú ààwẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ìtìjú baba àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, yóò máa ṣe bí aláàwẹ̀. Bí inú bá ń run ún lọ́sàn-án, yóò wọ yàrá lọ, yóò gbé oògùn mì láìjẹ nǹkan kan.

Ẹ rántí ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Hájì, nǹkan oṣù rẹ̀ dé ní Sarif, nítòsí Mẹ́kà, ó sì ń sunkún. Ànábì bi í bóyá nǹkan oṣù ni, ó sì sọ fún un pé Ọlọ́hun ni ó kọ ọ́ mọ́ àwọn ọmọbìnrin Ádámà. Kò bá a wí, kò sì ní kí ó fi pamọ́. Ìdájọ́ ẹ̀sìn náà hàn kedere: yóò san ààwẹ̀ padà lẹ́yìn Ramadan, kò ní san ìrun. Nítorí ta ni ó ṣe wá ń febi pa ara rẹ̀?

Ilé-ọmọ a máa pèsè ohun kan tí àwọn dókítà ń pè ní prostaglandin, èyí tí ó ń mú un fún pọ̀, tí inú fi ń run. Oògùn bí ibuprofen ń dín in kù. Ìdí nìyí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí a bá lò ó kí ìrora tó le. Àmọ́ prostaglandin kan náà ni ó ń dáàbò bo awọ inú agbẹ̀du. Ẹni tí ó bá ń gbé ibuprofen mì láìjẹun lè fi ọgbẹ́ inú ra ìtura wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ó lò ó. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, kí ó jìnnà sí i. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, kí ó bi dókítà ná. Parasitamọ́ọ̀lù kì í ba agbẹ̀du jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n hóró 8 oní-500 mílígíráàmù ni òpin rẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Ní ti àdàpọ̀ oògùn tí àwọn kan ń dì sínú ọ̀rá kékeré tí kò ní orúkọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Bí oògùn kan náà bá wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò mọ̀?

Ìrora tí ó ń le sí i lọ́dọọdún, tí kò gbọ́ oògùn, tí ó ń dá ọmọ dúró nílé-ìwé lóṣooṣù, ilé-ìwòsàn ni ó kàn. Ó lè jẹ́ endometriosis, níbi tí awọ bíi ti inú ilé-ọmọ ti ń hù sí ẹ̀yìn ilé-ọmọ. A máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá bímọ yóò lọ. Ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú. Kí ó kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí ó ti lò sínú ìwé, nítorí dókítà yóò béèrè. Inú ìwé kan náà ni yóò ti ka iye ààwẹ̀ tí ó jẹ.