Yoga fún aboyún àti ìyá ìkókó: olùkọ́ inú fóònù kò rí ikùn yín

Aboyún àti ìyá ìkókó la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má tíì pa á o, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ṣé aboyún lè ṣe yoga? Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní kí aboyún tí dókítà kò kà á léèwọ̀ fún máa ṣe eré ìmárale fún 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá pín in, 30 ìṣẹ́jú ni, ní ọjọ́ 5. Wọ́n tún ní nína ara jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lè ṣàǹfààní.

Níbo wá ni wàhálà wà? Inú fídíò ni. Ọ̀pọ̀ fídíò yoga tó wà lórí YouTube, kì í ṣe aboyún ni wọ́n ṣe é fún. Olùkọ́ inú fóònù kò rí ikùn yín. Kò mọ̀ bóyá oyún oṣù 3 ni tàbí oṣù 8. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mọ ohun tí ẹ máa fò.

Kí ẹ tó tẹ́ ẹní rárá, ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń tọ́jú oyún yín. Tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ tó le, tàbí tí olóbì dí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, tàbí tí wọ́n rán ẹnu ilé ọmọ yín kí oyún má bàa wálẹ̀, ẹ má dá a ṣe o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka àwọn ohun tí ẹ máa fò.

Èkíní, ooru. Yoga inú yàrá gbígbóná kì í ṣe ti aboyún. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí yàrá gbóná bí ààrò, ẹ dúró de ìrọ̀lẹ́.

Èkejì, fífẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn oṣù kẹta. Ilé ọmọ tó ti wúwo máa ń tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn. Òòyì lè kọ́ yín, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ sì lè dín kù. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún.

Ẹ̀kẹta, ìdojúbolẹ̀, ìdoríkodò, àti yíyí ikùn lọ́ bí ẹni ń fún aṣọ. Ẹ̀kẹrin, dídá èémí dúró. Ẹ má séèémí. Ẹ máa mí wọlé, ẹ máa mí jáde.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tó ń tan èèyàn jù. Oyún máa ń mú kí ara tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní relaxin, tó ń mú kí ibi tí eegun ti so pọ̀ dẹ̀. Ẹ lè rí i pé ẹ ń nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má nà á dópin.

Kí ló kù? Ó pọ̀. Ẹ lè dúró kí ẹ fọwọ́ ti ògiri. Ẹ lè kúnlẹ̀, kí ẹ fọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, kí ẹ máa gbé ẹ̀yìn sókè bíi ti ológbò; ó máa ń tu ẹ̀yìn lára. Àwọn ìyá wa kò pè é ní yoga, àmọ́ ìkúnlẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn: a ṣì ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ara wa títí dòní. Ẹ rí i pé ẹ ṣì lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tí omi ń dà, tí inú ń mú yín tó ń fi yín sílẹ̀ tó tún ń padà wá, tí òòyì ń kọ́ yín, tí àyà ń dùn yín, tí orí ń fọ́ yín gan-an, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú tó sì ń ro yín, ẹ dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ló kàn. Wàràwàrà là ń yọ oró iná.

Ọmọ dé, ẹ kú ewu ọmọ! Kò tíì pẹ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ tí àwọn èèyàn á ti máa béèrè pé, “Ikùn yìí kò tíì wọlé?” Ẹ má dá wọn lóhùn. Oyún máa ń ya iṣan àárín ikùn sọ́tọ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ gbé orí sókè díẹ̀: tí àárín ikùn bá yọ gọnbu, kò tíì tó àkókò fún sit-up àti plank. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èémí, rírìn díẹ̀, àti fífún iṣan tí a fi ń dá ìtọ̀ dúró. Ẹ fún un fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ tú u sílẹ̀, kó di ìgbà 10. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ó di ìgbà tí dókítà bá yẹ ojú ọgbẹ́ wò. Ẹ má pa àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 6 jẹ.

Tí ìtọ̀ bá ń jò nígbà tí ẹ bá sín, ẹ má gbà pé bí abiyamọ ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ béèrè ẹ̀ka físíò nílé ìwòsàn ńlá. Ó ní ìtọ́jú.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí aboyún kan lórí WhatsApp. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ó dìgbà kan ná!