Nígbà Tí Gbogbo Wa Bá Ní "A Fara Mọ́ Ọn"

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wa tó kọjá. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò lè wá.)

Ọmọ kékeré ni mí níwájú yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ló kọ́kọ́ bá wí.

Ẹ rántí ọdún tó kọjá, nígbà tí ẹnì kan gbé àbá wá sórí WhatsApp wa pé kí a máa gbé orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ẹgbẹ́ jáde. Kò pẹ́ rárá, àtàǹpàkò ti kún ojú fóònù. Èmi náà fi tèmi sí i. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé kò dáa. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn máa jáde, mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àtàǹpàkò mọ́kànlélógún, mo ní, ta ni mí? Orúkọ jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, arákùnrin yẹn ti kúrò lórí gúrúùpù. Kò tíì padà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́rin pè mí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n sọ: "Kódínétọ̀, àwa náà ò fẹ́ ẹ o, a kàn rí i pé gbogbo yín ti gbà ni." Gbogbo yín! Èmi ń wo tiwọn, àwọn náà ń wo tèmi.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Solomon Asch, tí wọ́n bí ní Poland, tó wá di olùkọ́ ní Swarthmore College ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe àyẹ̀wò kan tó gbé jáde ní 1951. Á kó àwọn ọmọ yunifásítì jọ sínú yàrá kan, bí ẹni méje sí mẹ́sàn-án. Á fi ìlà kan hàn wọ́n, á tún fi mẹ́ta míì hàn wọ́n, á ní kí wọ́n sọ èyí tó gùn tó ti àkọ́kọ́. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á gbà á. Ohun tí ọ̀kan nínú wọn kò mọ̀ ni pé gbogbo àwọn yòókù ti bá olùkọ́ ṣàdéhùn láti jọ mú èyí tí kò tọ̀nà. Ẹni yìí á sì ti gbọ́ ẹnu wọn kó tó kàn án.

Tí èèyàn bá dá dáhùn, ekukáká ni á fi ṣì í. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn wọ̀nyí, nǹkan bí ìdáhùn kan nínú mẹ́ta ló tẹ̀lé irọ́. Nínú ẹni mẹ́rin, mẹ́ta tẹ̀lé wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n lẹ́yìn náà, àwọn kan ní àwọn rò pé ojú àwọn ló ní wàhálà. Àwọn míì ní àwọn mọ̀, àwọn kàn ò fẹ́ dá yàtọ̀ ni.

Ẹ sì wò ó, kò sí bàbá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ o. Kò sí olóyè tí wọ́n gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún. Kí wá ni ká sọ nípa tiwa, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n tó san owó ilé-ìwé èèyàn ló kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣe orí kunkun. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Bí ojú ò bá ti ẹnikẹ́ni láàárín wa, ìdajì owó tí a ti dá ní ìlú yìí kò ní wọlé. Ìtìjú kan náà ló ń kọ́lé, òun náà ló lé arákùnrin yẹn lọ.

Ohun méjì ló dín àṣìṣe yẹn kù lọ́wọ́ Asch. Tí ẹyọ ẹnì kan bá ti sọ òótọ́ ṣáájú, àṣìṣe á wálẹ̀ sí bí ìdá mẹ́rin iye ti tẹ́lẹ̀. Ẹyọ ẹnì kan péré o. Ìkejì, tí wọ́n bá ní kí ẹni yẹn kọ ìdáhùn tirẹ̀ sórí ìwé dípò kó pè é síta, ó tún dín kù gan-an.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni àbá tó wà nílẹ̀ báyìí, pé kí a mú nínú owó borehole láti fi pe olórin wá sí Ọjọ́ Ìlú. Nígbà tí mo wò ó láàárọ̀ yìí, àtàǹpàkò ti lé ní ogójì. Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ foríjì mí: èmi ò fara mọ́ ọn. Mo ti fi àtàǹpàkò sí i tẹ́lẹ̀, mo ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ lè bá mi wí tí a bá délé.

Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀lé èmi náà. Mo ti bá àwọn alága sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé kí a dìbò ìkọ̀kọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àpótí á wà lẹ́nu ọ̀nà, àwa ọ̀dọ́ á pín ìwé. Kò sí pé à ń kọ orúkọ sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi á fi tiwọn ránṣẹ́ sí akọ̀wé nìkan, kì í ṣe sórí gúrúùpù. Kí ẹnikẹ́ni má fi àtàǹpàkò kún un mọ́ títí di ìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mú báírò yín wá, nítorí ti ìpàdé tó kọjá, mẹ́fà la pín, méjì ló padà.