Báńkì tí wọ́n ti ń ṣọ́ olè èrò

OLÓÒTÚ: Ẹ gbọ́ nípa Tade Thompson, dókítà ọpọlọ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó dàgbà ní Nàìjíríà. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ló ń kọ.

Nínú ìwé rẹ̀, Rosewater, ọdún 2066 ni a wà. Ẹ̀dá àjèjì ti tẹ̀dó sí Nàìjíríà. Lọ́dọọdún, àwọn aláìsàn ń gba ìwòsàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Kaaro, arínú-róde, ń ṣọ́ báńkì lọ́wọ́ àwọn tó ń jí èrò oníbàárà.

Ìwé náà gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Thompson tún ti sọ̀rọ̀ nínú pọ́dkáàsìtì, ètò tí ẹ lè gbọ́ lórí fóònù nígbàkúùgbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ àlọ́ pa, ó yá, ẹ gbé kálàmù.