Oṣù Mẹ́rin Tí Mo Lò Ní Sáìtì

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fóònù mi pé èmi ló kàn láti sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni iṣẹ́ ìròyìn. Mo ní rárá. Ẹ̀ ń gbọ́ ohùn mi lórí rédíò láràárọ̀, ìyẹn ti tó yín. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí oṣù mẹ́rin tí mo fi ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé, nígbà tí mo ń kọ́ civil engineering ní Pólì. Ọ̀pọ̀ yín ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo kọ́ ọ rí. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn délẹ̀.

Kí n tó dé sáìtì, ẹ jẹ́ kí n gba yàrá físíìsì wa kọjá. Ọ̀gá wa wà níjòkòó, mo ti rí wọn lọ́wọ́ òsì níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí a jọ jáde ní 2006, ṣé ẹ rántí práktíkà pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù? Okùn kan, irin róbótó kan, ká máa ka iye ìgbà tó fì. Ta ló kà á pé nínú wa? A ti mọ̀ pé 9.8 ni ìwé ń fẹ́, a ó wá máa ṣírò padà sẹ́yìn títí iye tí a "kà" á fi bá a mu. A máa ń se èsì bí ẹni ń se ọbẹ̀ ni. Ẹ dárí jì wá, sà. Ọjọ́ kan wọ́n gba ìwé mi, wọ́n wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n ní, "Èsì tìrẹ yìí ti mọ́ jù. Ohun tó o rí ni kó o kọ, má kọ ohun tó o fẹ́ rí." Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ máàkì lásán ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ Pólì mọ ohun tí à ń pè ní IT. Ọdún 1973 ni àjọ ITF dá ètò tí wọ́n ń pè ní SIWES sílẹ̀, kí ọmọ ilé-ìwé lè fọwọ́ kan iṣẹ́ kó tó gbàwé jáde. Oṣù mẹ́rin ni ti ọmọ ND. Wọ́n á fún ọ ní logbook. Ojoojúmọ́ lo gbọ́dọ̀ kọ ohun tó o ṣe sínú ẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á máa buwọ́ lù ú, olùkọ́ á wá bẹ̀ ọ́ wò.

2009 ni tèmi. Ilé alájà kan ní Ìbàdàn ni mo bá wọn kọ́, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo fi báírò méjì há àpò àyà bí akọ̀wé kóòtù. Ọ̀gá àwọn tó ń tẹ irin wà lókè, ó ké sí mi pé, "Ọmọ Pólì, sáré lọ mú bísíkíìtì wá, ó kéré tán kó tó ogún!" Mo sáré. Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá tó ń tajà níwájú sáìtì lọ, mo fi owó ọkọ̀ mi ra bísíkíìtì ogún, mo gbé e gun àkàbà. Àwọn tó wà lórí pátákó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ fún ẹ̀rín.

Àṣé bísíkíìtì ni wọ́n ń pe àwọn èékán káńkéré pẹlẹbẹ tí wọ́n fi yanrìn òun sìmẹ́ǹtì mọ, tí wọ́n máa ń tì sábẹ́ irin kí irin má baà jókòó sórí pátákó. Ti dẹ́kìn wa nípọn tó mílímítà 25. Bí wọn ò bá fi í síbẹ̀, káńkéré ò ní bo irin nísàlẹ̀, atẹ́gùn àti omi á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á dípẹtà, irin tó sì dípẹtà máa ń wú, á la káńkéré jáde. Ilé tẹ́ ẹ bá rí tí àjà rẹ̀ ń já wálẹ̀ wẹ́wẹ́, tí irin pupa yọjú, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ló fi bísíkíìtì dù ú. Wọ́n jẹ tèmi tán ṣá o, wọn ò dá owó ọkọ̀ mi padà. Bísíkíìtì sì ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an kì í ṣe ẹnjiníà. Bàbá bíríkìlà kan ni, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọn ò kàwé kọjá prámárì. Èmi rò pé káńkéré máa ń gbẹ ni. Bàbá ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Káńkéré kì í gbẹ, ó máa ń le ni. Omi ló ń mu tó fi ń le." Mo lọ wo ìwé, bẹ́ẹ̀ ló rí. Sìmẹ́ǹtì àti omi ló ń bára wọn ṣiṣẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń bu omi sórí dẹ́kìn láàárọ̀ lálẹ́ lẹ́yìn tí a bá dà á tán. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n bá bù jù nígbà tí wọ́n ń pò ó, ìyẹn ló ń pa á. Lébírà fẹ́ràn káńkéré tó bá ṣàn, torí kì í fọwọ́ eni. Bàbá á dúró ti míkísà, wọ́n á máa pariwo, "Ẹ má fi ṣe ẹ̀kọ mímu fún mi o!"

Àpò sìmẹ́ǹtì kan, páànù yanrìn mẹ́rin, páànù òkúta mẹ́jọ. Ohun tí a ń lò nìyẹn, torí páànù méjì ni àpò kan. Ìwé ń pè é ní ọ̀kan-méjì-mẹ́rin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ tèmi ni kúúbù. Nígbà tí wọ́n bá ń da káńkéré, wàá bù nínú rẹ̀ sínú àpótí irin kékeré tó jẹ́ mílímítà 150 níbùú, lóròó àti ní gíga. Mẹ́fà ni à ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì a ó tú u, a ó kó o sínú omi. Lọ́jọ́ keje wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n wọ́n á fọ́ mẹ́ta yòókù, kí wọ́n lè mọ ẹrù tí káńkéré náà lè rù. Iye tí ẹnjiníà onílé béèrè ni 25 N/mm². Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún ènìyàn nìyí: ká kó àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lé ibi tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kó má fọ́.

Ọjọ́ tí a da dẹ́kìn, sáìtì rí bí ọjọ́ ìkómọ. Onílé ti gbé ìrẹsì wá, míkísà ń ké, lébírà ń gbé páànù gun pátákó, wọ́n ń kọrin. Títí di aago mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. Ìgbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ojú ọ̀run ṣú, sìmẹ́ǹtì sì ń tán lọ. Ó ku apá ẹ̀yìn, bí ìdá mẹ́ta dẹ́kìn náà. Ọ̀gá sáìtì ò fẹ́ dúró. Ó sọ fún àwọn tó ń bu yanrìn pé kí wọ́n sọ yanrìn di páànù mẹ́fà, òkúta di méjìlá, fún àpò kan. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọ̀kan-mẹ́ta-mẹ́fà. Káńkéré tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sókè.

Mo dúró ti kúúbù mi. Mo gbé ṣọ́bìrì, mo fẹ́ bù nínú rẹ̀. Ọ̀gá sáìtì ní, "Bísíkíìtì, má bu nínú ìyẹn." Ó ní kí n po tèmi lọ́tọ̀, kí n jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì pọ̀ nínú ẹ̀ dáadáa. Kò jágbe mọ́ mi, kò sì halẹ̀. Bí ẹni ní kí n bá òun ra omi ló ṣe sọ ọ́. Mo pò ó lọ́tọ̀. Mo sì gún un bí ìwé ṣe wí, ìpele mẹ́ta, ìgbà 35 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn, mi ò ṣe kúúbù tó dára tó ti ọjọ́ náà. Nígbà tó di alẹ́, mo kọ ọ́ sínú logbook pé inú káńkéré apá ẹ̀yìn ni mo ti bù ú. Ọ̀gá sáìtì buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ keje, èsì àkọ́kọ́ jáde. Ó le débi pé ọ̀gá sáìtì gbé ìwé náà lọ han onílé, ó ní dẹ́kìn ti gbó ṣáájú ọjọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yọ àwọn ọparun tó gbé e dúró lọ́jọ́ kẹrìnlá, kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ wò ó, mo ti rò pé ìwé lásán ni mo fi purọ́. Mi ò mọ̀ pé irọ́ náà á padà wá yọ ọparun.

Bàbá kọ̀. Wọ́n ti gun àkàbà, wọ́n ti fi ìdí òòlù kan àjà náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, wọ́n ní ohùn rẹ̀ yí padà lápá ẹ̀yìn. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Ìwọ lò ń kọ̀wé. Kí lo kọ?"

"Ohun tí ọ̀gá ní kí n kọ ni, Bàbá."

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn wo báírò àpò mi fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n padà lọ sọ fún ọ̀gá sáìtì pé àwọn ò ní yọ ọparun apá ẹ̀yìn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti lé Bàbá àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn méjèèjì. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń di irinṣẹ́ sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Mi ò sọ ọ́. Logbook mi wà lọ́wọ́ ọ̀gá sáìtì, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n parí.

Wọ́n yọ ọparun. Kò wó. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò, àjà ẹ̀yìn ti tẹ̀ díẹ̀, ó sì ti la bí irun. Wọ́n sáré gbé òpó méjì sábẹ́ ẹ̀, wọ́n sọ fún onílé pé àwòrán ilé ló yí padà. Olùkọ́ tó wá bẹ̀ mí wò ka logbook mi, wọ́n ní ó mọ́, ó gún régé. A ni mo gbà. Mo parí ND, mi ò sì padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ ti ń bi mí tipẹ́tipẹ́ pé kí ló gbé mi dédìí ìròyìn. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún wó ní Gerrard Road, Ìkòyí. Ó ju ogójì ènìyàn lọ tó kú síbẹ̀. Wọ́n rán mi lọ. Mi ò fẹ́ sọ ohun tó wó o, kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dúró láàárín àwọn ìyàwó àti ọmọ tó ń dúró de ẹni wọn, ìwé àti báírò wà lọ́wọ́ mi, obìnrin kan sì bi mí pé, "Kí lẹ̀ ń kọ?" Mi ò rí ẹnu dá a lóhùn.

Ẹ máa bi mí pé kí ló wá dé tí mi ò ṣe nǹkan kan láti ìgbà náà. Ojú ló ń tì mí. Ilé náà sì ṣì dúró. Bí mo bá wọ ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń gbójú sókè wò ó, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé òpó méjì yẹn ti gbà á. Oṣù tó kọjá ni mo tún gba ibẹ̀ kọjá, mo rí òkìtì yanrìn àti búlọ́ọ̀kù níwájú ilé. Wọ́n fẹ́ gbé àjà kejì lé e.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Onílé ti kú, ọmọ wọn ló jáde sí mi. Nígbà tó gbọ́ pé oníròyìn ni mí, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni iye tí mo fẹ́ gbà. Mo jókòó, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó pẹ́ kó tó fọhùn. Ó ní òun á dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Mo wá Bàbá bíríkìlà náà títí; ọmọ iṣẹ́ wọn kan tí mo rí sọ fún mi pé wọ́n ti di olóògbé. Ó ní lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn, odidi oṣù méjì ni wọn ò fi ríṣẹ́.

Ọ̀kan nínú wa níbí, ẹnjiníà ni, ó ti gbà láti bá mi lọ lọ́jọ́ Túsìdeè, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó ní òun ní òòlù tí wọ́n fi ń dán káńkéré wò, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn nìkan ò tó, a ní láti gbẹ́ díẹ̀ jáde nínú dẹ́kìn náà, ká gbé e lọ fọ́. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá mọ ibi tí a ti lè yá a, tàbí tí ìbátan rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìdánwò, kó jọ̀ọ́ rí mi kí a tó jókòó jẹun.